Ta Ló Kó Ẹyin Ẹyẹ Iyanrìn?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ ní Harrow Neck kò gbọdọ̀ dúró de ìwé ìròyìn. Ṣọ́ọ̀bù Bernice ni kó lọ ní òwúrọ̀, níbi tí àwọn apẹja ti ń mu kọfí kí wọ́n tó kọjá sí etíkun. Bernice ń ta ìdẹ, ó ń ta ìwọ̀, ó ń ta búrẹ́dì, ó sì ń fi òfófó ṣe èènì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, Alden Crowell ti ilẹ̀kùn wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Wọ́n ti tún sún okùn yẹn o."

"Má parọ́," Amaro Furtado dá a lóhùn. "Àná ni mo ti ibẹ̀ bọ̀."

"Àná lo sọ. Lónìí, ó ti wọnú omi. Láti ẹsẹ̀ òkìtì iyanrìn títí dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ọkọ̀ ò ríbi gbà mọ́. Tó o bá fẹ́ ẹja abilà báyìí, àfi kó o hu ìyẹ́."

Amaro àti Alden ti jọ ń pẹja láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ṣì nírun lórí. Ilé wọn kọjú síra. Òrùlé ni Amaro ń kàn kó tó fẹ̀yìn tì, Alden sì ń wa ọkọ̀ iléèwé. Kò sí ohun tí àwọn méjèèjì ń retí láàárín ọdún bí ìgbà tí ẹja abilà bá ń wá jẹun létí omi.

Ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni ẹyẹ iyanrìn ń yé ẹyin. Ẹyẹ kékeré ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn gbígbẹ, ó sì ní ìlà dúdú kan lọ́rùn. Kì í fi koríko tẹ́ ìtẹ́, orí iyanrìn lásán ló ń yé sí. Ẹyẹ náà ti ṣọ̀wọ́n, òfin sì ń dáàbò bò ó. Ibikíbi tó bá yé sí, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú á ri èèkàn mọ́lẹ̀ yí i ká, wọ́n á fa okùn sí i, wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé.

"Ẹ̀yin náà gbà pé ẹyẹ ló ni okùn yẹn?" Alden bi wọ́n. "Ta ló ń gbé lókè ibẹ̀? Àwọn onílé gíláàsì! Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá bí wọn ò ṣe ní máa gbóòórùn ìdẹ wa. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní iná ọkọ̀ wa ń dà wọ́n láàmú. Lọ́dún yìí, ẹyẹ dé."

"Mo gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn fún àwọn ẹlẹ́yẹ, àwọn tó ń jà fún ẹyẹ yìí, lówó," Bernice rọra sọ ọ́ bí ẹni ń sọ àṣírí.

"Ẹ ẹ̀ rí i!"

Amaro gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. Aláwàdà ni, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. "Kí lẹ̀ ń da ara yín láàmú sí? Bí ẹyin bá pòórá, okùn á pòórá. Ta ló ń ṣọ́ ilé tó ti ṣófo?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Amaro mú bọ́kẹ́ẹ̀tì ìdẹ rẹ̀, ó jáde.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹyin inú ìtẹ́ kan pòórá.

Ọlọ́pàá ló wá sọ fún un. Amaro ń bomi rin ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tí ọkọ̀ wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀gbẹ́ni Furtado, ẹ má bínú. Mo fẹ́ wo táyà ọkọ̀ yín. Bàtà tí ẹ fi ń lọ etíkun náà."

"Kí ni mo jí?"

"Ẹnikẹ́ni ò pè yín lólè. Ẹyin ẹyẹ ló sọnù nínú okùn tó wà lápá ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ yín ló kúrò níbẹ̀ gbẹ̀yìn lálẹ́ ọjọ́ náà." Ọlọ́pàá yẹn tún ọ̀fun ṣe. "Wọ́n sì ní ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù Bernice."

"Wọ́n? Àwọn wo ni wọ́n?"

Ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ya fọ́tò táyà, ó ya ti bàtà. Odete Tavares, obìnrin tí ìlú gbà síṣẹ́ láti máa ṣọ́ àwọn ẹyẹ náà, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ọmọ apẹja ni Odete fúnra rẹ̀. Amaro mọ bàbá rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n láti kékeré. Lọ́jọ́ náà, ojú wọn pàdé, Odete gbé tirẹ̀ kúrò. Aṣọ fèrèsé ń mì ní gbogbo ilé tó wà ládùúgbò.

Kí ọlọ́pàá tó lọ, ó gba ìwé àṣẹ tí Amaro fi ń wa ọkọ̀ sórí iyanrìn. Ó ní wọ́n á dá a padà tí wọ́n bá parí ìwádìí. Ó ní ìgbìmọ̀ ìlú tiẹ̀ ń rò ó bóyá kí wọ́n ti gbogbo etíkun pa títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi parí.

Nígbà oúnjẹ alẹ́, Leonor ìyàwó rẹ̀ bu ọbẹ̀ fún un, ọbẹ̀ ewé àti sọ́sééjì tí Amaro fẹ́ràn jù láyé. Ó jókòó, kò bu tirẹ̀.

"Amaro."

"Hẹn."

"Mi ò ní bínú o. Ṣé ìwọ ni?"

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Amaro. Ó wo obìnrin tí wọ́n ti jọ tọ́ ọmọ mẹ́ta.

"Ìwọ náà, Leonor?"

"Mo béèrè ni. Inú ti ń bí ẹ látìgbà tí wọ́n ti na okùn yẹn. O máa ń dá sọ̀rọ̀ nínú ilé."

"Mi ò kọjá okùn wọn rí. Mo bú wọn, mo bú okùn, mo bú ẹyẹ. Ṣùgbọ́n mi ò kọjá á."

"Ó dáa. Mo gbọ́."

Mo gbọ́ ló sọ o, kò sọ pé mo gbà. Amaro mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Ó ti ọbẹ̀ sẹ́yìn, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ tí kò ríbi lọ.

Inú ọkọ̀ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ta ló sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọlọ́pàá? Bernice kò lè lé oníbàárà rẹ̀. Àwọn tó kù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sílùú ni, wọn ò mọ orúkọ rẹ̀ pàápàá. Ó gbójú sókè, ó rí iná ilé Alden lódìkejì. Ó rántí pé Alden kò tíì yọjú sí i látìgbà tí ọlọ́pàá ti lọ.

Nígbà tó di òwúrọ̀, ó bá Alden ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ìwọ ni, àbí?"

"Èmi ni kí ni?"

"Ìwọ lo lọ tà mí. Ìwọ lo ń pariwo okùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, èmi ni wọ́n wá wo bàtà mi. Ó ha bọ́gbọ́n mu? Àfi tí ẹnì kan bá na ìka sí mi kí wọ́n má baà wo tiẹ̀."

Ojú Alden pọ́n.

"Mi ò wá sílé rẹ láná torí mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Báyìí, mo dúpẹ́ pé mi ò wá."

Ó san owó kọfí tí kò tíì mu, ó jáde.

Bí wọn ò ṣe kíra wọn mọ́ nìyẹn. Ìlú náà pín. Àwọn kan ń sọ pé Amaro ni. Àwọn kan ní àwọn ẹlẹ́yẹ fúnra wọn ló kó ẹyin náà kí wọ́n lè rí ẹ̀sùn kà sí àwọn apẹja lọ́rùn. Tí ọkọ̀ kan bá dúró pẹ́ létí okùn, ẹnì kan á ti máa ya fọ́tò rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Odete jáde láti ọ́fíìsì, ó bá orí ẹja tó ti ń rùn tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀. Títí dòní a ò mọ ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ojú ilé Amaro ni gbogbo èèyàn wò, Amaro sì mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Odete ni.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé bàbá wà nílé?"

Leonor ò tíì dáhùn tí ohùn Amaro fi dún láti inú ilé: "Sọ fún un pé mo ti jẹ ẹyin òwúrọ̀ mi. Ti adìẹ ni o!"

Odete ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin bàbá, àwọn ẹyẹ yẹn ti tún ẹyin yé, nítòsí ibi àkọ́kọ́. Mo fi ìgbálẹ̀ tẹ́ iyanrìn tó yí ìtẹ́ náà ká lánàá kó lè gba ipa ẹsẹ̀ ẹni tó bá wá. Láàárọ̀ yìí, mo rí ipa ẹsẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ wá wò ó."

"Kí n wá wò ó kí n lè fi tèmi kún un? Kí ẹ lè ya fọ́tò rẹ̀?" Amaro ti dé ẹnu ọ̀nà báyìí. "Mo ti dàgbà ju pańpẹ́ lọ, ọmọ Tavares."

"Tó bá jẹ́ pańpẹ́ ni, ṣé màá fi ẹnu ara mi sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni pańpẹ́ tó dáa ṣe ń sọ̀rọ̀."

Leonor já aṣọ òtútù rẹ̀ kúrò lára ìṣó. "Èmi náà ń lọ. Èmi ni ẹlẹ́rìí. Ìwọ ọkùnrin yìí, wọ bàtà rẹ."

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Odete ò jẹ́ kí wọ́n kọjá okùn. Ó fún Amaro ní awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Ẹyẹ iyanrìn kan sàba sórí ilẹ̀ gbalasa, tí kò bá mi orí èèyàn ò ní mọ̀ pé ẹyẹ ni. Iyanrìn tó yí i ká mọ́ bí aṣọ tí a lọ̀. Ẹsẹ̀ kan rìn lé e, ó yí ìtẹ́ po, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kéré ju ẹsẹ̀ ajá lọ, ó sì tò lórí ìlà kan bí ẹni ń rìn lórí afárá tóóró.

"Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀," Amaro sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Ariwo mi ló lé e láàárọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa padà."

Leonor mí kanlẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lólè. Ẹ wá bẹ ọkọ mi."

"Màá bẹ̀ wọ́n, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tọ ẹsẹ̀ yẹn, ká mọ ibi tó ti wá."

Wọ́n tọ̀ ọ́ ní ìta okùn. Kò lọ sínú igbó bí Amaro ṣe rò. Ó gba etí òkìtì iyanrìn, ó lọ tààrà sí kòtò kan tí wọ́n hú láìpẹ́. Egungun ẹja abilà wà níbẹ̀, orí ẹja wà níbẹ̀, awọ tó ti gbẹ. Kannakánná méjì fò dìde, wọn ò sì lọ jìnnà.

Amaro dúró. "Kòtò mi nìyí," ó ní. Ibẹ̀ ló ti máa ń la ẹja rẹ̀ kó tó lọ sílé, níbi tí atẹ́gùn kì í pọ̀. Ìfun àti egungun rẹ̀, á rì wọ́n mọ́lẹ̀, á sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ìmọ́tótó ló kà á sí. Ó tiẹ̀ máa ń bú àwọn tó ń da tiwọn sílẹ̀ láìbò.

"Ìwọ ò kọjá okùn," Leonor sọ.

"Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ máa ń rìn káàkiri, bàbá," Odete ní. "Mi ò lè búra pé òun ló kó ẹyin àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe kòtò yín nìkan ló wà létí omi yìí. Ṣùgbọ́n tó bá ti mọ̀ pé oúnjẹ wà níbì kan, ojoojúmọ́ ló ń padà wá. Bó ṣe ń wá ìfun ẹja kiri, ó máa ṣalábàápàdé ìtẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ gbalasa. Kannakánná ńkọ́? Ìyẹn ò nílò ju pé kó gbójú wolẹ̀."

Amaro jókòó sórí igi kan tí omi gbé wá.

"Okùn yẹn ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ ń sún un kiri? Ẹyin kì í rìn."

"Ọmọ ló ń rìn. Ẹ wá."

Ó mú wọn lọ sí ìparí okùn kejì, níbi tí ẹyin ẹyẹ mìíràn ti pa, tí ipa táyà ọkọ̀ sì jinlẹ̀ nínú iyanrìn. Ó ní kí wọ́n dúró kí wọ́n má mira. Kò pẹ́, ohun kékeré kan sáré jáde, ó dà bí òwú tí wọ́n fi igi ìṣáná méjì ṣe ẹsẹ̀ fún. Òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n forí lé omi. Èyí tó wà níwájú dé etí ipa táyà, ó já sínú rẹ̀. Ó gbìyànjú láti gùn ún jáde, iyanrìn ya lé e lórí. Ìyá rẹ̀ súfèé láti òkèèrè. Ọmọ ẹyẹ náà lẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ipa táyà, kò mira mọ́. Amaro, tí ojú rẹ̀ mú, wò ó títí, kò rí i mọ́.

"Bí wọ́n bá ti jáde látinú ẹyin, ìyá wọn kì í bu oúnjẹ fún wọn," Odete sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Etí omi ni wọ́n ti máa lọ ṣa kòkòrò jẹ fúnra wọn. Ó tó bí oṣù kan kí wọ́n tó lè fò. Tí ẹ̀rù bá sì bà wọ́n, wọn kì í sá, dídùbúlẹ̀ ni. Awakọ̀ tó dáa jù láyé ò lè rí wọn. Ìdí tí okùn fi ń wọ omi nìyẹn. Ibi tí àwọn ọmọ bá lọ la máa ń tẹ̀ lé wọn lọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa?"

Odete na ìka sí èèkàn tó wà nítòsí. "A kọ ọ́ sára pátákó pé Má Wọlé. A rò pé ó tó."

"Kò tó."

"Kò tó lóòótọ́. Nǹkan kan tún wà tí ẹ ò mọ̀. Tí ẹyin bá sọnù, okùn kì í lọ. Àwọn ẹyẹ á tún òmíràn yé, a ó sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ká ní àwọn ẹyin àkọ́kọ́ pa ni, oṣù tó ń bọ̀ la ò bá ti kó èèkàn lápá ìlà-oòrùn. Báyìí, ó di òpin oṣù kẹjọ."

Amaro rántí ọ̀rọ̀ tó sọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú tì í.

"Ta ló sọ ọ̀rọ̀ mi fún yín, Odete? Mo fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu yín."

"Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́. Ẹ̀yìn pẹpẹ búrẹ́dì ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ohùn yín ò kéré, bàbá. Nígbà tí ẹyin sọnù, ọ̀rọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, mi ò sì wá òmíràn mọ́. Ẹ forí jì mí."

Nígbà tí wọ́n padà délé, Amaro ò wọlé. Ó gba ọ̀nà kọjá sí iwájú ilé Alden. Alden ń kun ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ní ọ̀dà.

"Kì í ṣe ìwọ," Amaro sọ.

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi."

"Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni."

Alden ń kùn ún lọ. "Gbogbo àwọn ọdún wọ̀nyí, Amaro. Ìwọ lo dúró tì mí nígbà tí mo sin Abigail ìyàwó mi. O wá rò pé mo lè jí lọ́jọ́ kan kí n lọ tà ẹ́."

"Wọ́n fura sí mi, èmi náà wá ẹni tí màá fura sí."

"Mo gbọ́." Alden ri búrọ́ọ̀ṣì bọnú ọ̀dà. "Jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kejì wà lórí tábìlì yẹn. Má sọ̀rọ̀ ṣá."

Wọ́n jọ kun ọkọ̀ náà títí dọ̀sán.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú ṣèpàdé, gbọ̀ngán kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan wá láti gbọ́ pé wọ́n ti ti etíkun pa, àwọn kan wá láti jà. Odete ló kọ́kọ́ dìde, ó sọ ohun tí ipa ẹsẹ̀ fi hàn, ó sì sọ níwájú gbogbo ayé pé òun fura sí ẹni tí kò jẹ̀bi. Amaro ì bá ti jókòó sórí ìyẹn, kó gba ìyìn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Mi ò kó ẹyin," ó ní. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo tẹ́ tábìlì fún olè. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ẹ̀yin náà ń tẹ́ ẹ. Mo mọ ibi tí kálukú ń ri ìfun ẹja tirẹ̀ mọ́."

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Bàbá kan tó ń gbé ọ̀kan nínú àwọn ilé gíláàsì na ọwọ́. Ó ní lóòótọ́, òun fún àwọn ẹlẹ́yẹ lówó, ó sì wu òun kí wọ́n ti etíkun pa. Ariwo sọ. Alden dìde láti ẹ̀yìn: "Ajá yín ńkọ́, ọ̀gá, tó ń sáré nínú okùn láràárọ̀ láìní ìjánu? Ẹ so ó mọ́lẹ̀ ká tó sọ̀rọ̀ ìtìpa." Bàbá náà jókòó.

Ìgbìmọ̀ ò ti etíkun pa. Wọ́n dá ìwé àṣẹ Amaro padà. Wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀ kan lápá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ẹyẹ kì í yé sí, kí apẹja lè gbé ọ̀pá rẹ̀ kọjá. Wọ́n gbé agolo onídèérí sí ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí fún ìfun àti egungun ẹja. Odete bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù Bernice láràárọ̀ láti sọ ibi tí okùn wà lọ́jọ́ náà àti ìdí rẹ̀. Àwọn kan ṣì ń kùn. Wọ́n ń kùn, wọ́n sì ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ẹyin mẹ́rin tí àwọn ẹyẹ yẹn tún yé, mẹ́ta pa. Kannakánná gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà. Méjì fò. Òpin oṣù kẹjọ ni wọ́n tó kó èèkàn, ó sì dun àwọn apẹja. Lọ́jọ́ kejì, Amaro àti Alden jọ wa ọkọ̀ dé ibi ìgbì, wọ́n ju ìwọ̀ sómi, ẹja abilà sì gbé ti Alden kó tó rí àyè fìdí kalẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń lọ etíkun, ẹ gbọ́. Bí ẹ bá rí èèkàn àti okùn, ẹ má kọjá, ì báà jẹ́ pé ẹ ò rí ẹyẹ kankan níbẹ̀. Ẹyẹ yìí kò fẹ́ kí ẹ rí òun. Ẹ má ri ìfun ẹja tàbí ìdẹ mọ́ iyanrìn, ẹ gbé e lọ sílé tàbí ẹ dà á sínú agolo. Ẹ so ajá yín. Ẹ má wakọ̀ kọjá ibi tí wọ́n gbà yín láyè, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tẹ́ ipa táyà tó bá jìn. Bí okùn bá sún, tí inú bí yín, ẹ lọ béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ẹyẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá yín lóhùn. Bí nǹkan bá sì sọnù, ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó wo ojú aládùúgbò yín. Ẹyẹ á tún ẹyin yé. Ọ̀rẹ́ tí a fura sí lásán, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń padà wá.